Ewé Tó Hù Níbi Tí Iná Ti Jó

Obìnrin tó ń ta wàràkàṣì ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ rí i. Ọjọ́ ọjà ni, ní ìlú kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ òkè, níbi tí àwa méjì ti máa ń dúró sinmi kí a tó wọ reluwé padà sí Turin. Mo gbé àpò ewé mi lé etí tábìlì rẹ̀ kí ọwọ́ mi lè ráàyè. Ó rẹ́rìn-ín sí mi bó ṣe máa ń ṣe, ó fa ewé kan yọ, ó gbé e sí imú, ó sì béèrè bóyá mò ń sin ehoro nílé. Mo ní rárá. Mo ní èmi fúnra mi ni mo fẹ́ sè é jẹ.

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Kò pariwo. Ó rọra dá ewé náà padà sínú àpò, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ tó so mọ́ ìdí, ó sì pe ọkọ rẹ̀ tó ń kó ẹrù lẹ́yìn ọkọ̀. Ọkùnrin náà wo inú àpò, lẹ́yìn náà ó wo ojú mi. Ó béèrè bóyá mo ti jẹ ẹ́ rí. Mo ní mo ti ń jẹ ẹ́ láti ìgbà tí òtútù ti lọ.

"Signora," ó ní, "ẹṣin tó bá ń jẹ eléyìí kì í kú lọ́jọ́ tó jẹ ẹ́. Á máa rìn, á máa sáré, èèyàn ò ní mọ nǹkan kan. Inú ẹ̀dọ̀ ló ti ń pa á."

Màmá tí mo bá wá ò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó wo ọkùnrin náà látòkè délẹ̀.

"Ẹṣin ló ní," ó sọ fún mi ní Yorùbá. "Ṣé a jọ ẹṣin lójú ẹ̀ ni?"

N kò lè rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí nǹkan kan ti wúwo lábẹ́ ìhà mi lápá ọ̀tún. Síkẹ́ẹ̀tì mi kì í pàdé ní ìbàdí mọ́, bẹ́ẹ̀ ojú mi ń rù. Ó máa ń rẹ̀ mí kí n tó parí iṣẹ́ àárọ̀. Mo ti pè é ní ọjọ́ orí, mo ti pè é ní iṣẹ́ àṣejù. Nídìí tábìlì wàràkàṣì yẹn ni mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibẹ̀, tí mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ orí.

Ó yẹ kí n sọ bí èèyàn bíi tèmi ṣe dé orí òkè. Ọ́fíìsì ni mò ń tún ṣe ní Turin, láàárọ̀ kùtù àti lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti lọ. Medico di base mi, ìyẹn dókítà tó ń tọ́jú wa ládùúgbò, sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ó ní kí n máa rìn. Mo rò pé mo ń rìn. Ó ní èyí tí mò ń rìn láti ìdí tram dé ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ kọ́ ni òun ń sọ. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní San Salvario, àdúgbò tí mò ń gbé, àmọ́ kò ṣeé ṣe. Gbogbo ọmọ Yorùbá tí mo bá pàdé ló ń béèrè ibi tí mò ń lọ. Kí ni kí n wí? Pé n kò lọ síbì kankan? Obìnrin tó bá ń rìn kiri láìsí ibi tó ń lọ, wọn á ní nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí i nílé. Mo ń purọ́ pé mò ń lọ ra nǹkan, mo sì ń bá irọ́ náà dé inú ṣọ́ọ̀bù. Ìyẹn ni mo fi wá ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí.

Màmá ló ni ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilé wa tí mo ti ń ra gààrí àti ẹja gbígbẹ. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, ó ti ń gbé Turin kí n tó mọ̀ pé ìlú kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé mò ń lọ gun òkè, ó ní ẹni tí kò wá nǹkan kan kì í dá gun òkè, òun á tẹ̀ lé mi kí òun lè mọ ohun tí mò ń wá. Láti ìgbà náà, ọjọ́ tí kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù la jọ máa ń lọ.

Láti ibùdókọ̀ reluwé, ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà àjàrà kọjá, ó wọ abẹ́ àwọn igi ńláńlá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bí a bá ti ń lọ, igi á máa kúrú sí i, títí kò fi ní sí igi mọ́, àyàfi ọ̀kọ̀ọ̀kan tí èèpo rẹ̀ funfun bí ẹni kùn ún. Pápá ló kù. Wọ́n ń pè é ní brughiera. Ilẹ̀ rẹ̀ ò dára fún oko, kò sẹ́ni tó ń gbin nǹkan kan síbẹ̀. Ewéko líle kan tí kò ga ju orúnkún lọ ló bo gbogbo rẹ̀, ó ń há mọ́ ẹsẹ̀ bí èèyàn bá yà kúrò lójú ọ̀nà. Atẹ́gùn kì í sinmi níbẹ̀. Tí ojú ọjọ́ bá mọ́, a máa ń rí àwọn òkè oníyìnyín lọ́nà jíjìn, wọ́n á tò bí eyín.

Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ibi tó tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀, tí kò sí ilé, tí kò sí ohùn èèyàn, mo rò pé ẹni tó bá dákú síbẹ̀, ó di ọjọ́ mìíràn kí wọ́n tó rí i. Àmọ́ àwọn òyìnbó ń kọjá pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ méjèèjì, wọ́n ń kí wa, wọn ò béèrè ibi tí à ń lọ. Màmá máa ń yà fún wọn.

"Wò wọ́n," á ní. "Wọ́n ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń lé wọn."

Ìyẹn ò ní kó má yára ju èmi lọ.

Ibì kan wà lórí pápá yẹn tí iná ti jó nígbà òtútù. Ilẹ̀ rẹ̀ dúdú. Nígbà tí ooru bẹ̀rẹ̀, ewé tuntun hù níbẹ̀ nìkan, kò hù níbòmíràn. Màmá ló kọ́kọ́ dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó já a, ó fi ìka méjì fọ́ ọ, ó sì nawọ́ rẹ̀ sí mi nímú. Òórùn yẹn gbé mi kúrò níbi tí mo wà. Ẹni tó bá mọ ẹ̀bọ̀lọ̀ mọ̀ pé òórùn rẹ̀ kì í ṣe òórùn dídùn, àmọ́ ìyá mi kì í se ọbẹ̀ iyán láìsí i. Nílé wa, ibi tí wọ́n bá ti sun oko ló máa ń hù, òun ló sì ń kọ́kọ́ jáde. Ewé rẹ̀ nìyí, tó ya létí. Òwú funfun rẹ̀ nìyí, tí atẹ́gùn ń gbé lọ. Iná ti jó ibẹ̀. Kí ló tún kù?

Ohun tó kù ni òdòdó. Òdòdó ẹ̀bọ̀lọ̀ máa ń pọ́n díẹ̀, ti orí òkè yìí jẹ́ yẹ́lò. Mo rí i. Mo tiẹ̀ sọ ọ́. Màmá ní òtútù ló ṣe é, pé kò sí ohun tó dé ìlú yìí tí àwọ̀ rẹ̀ ò yí padà, kí n wo ẹsẹ̀ mi nígbà òtútù. A rẹ́rìn-ín, a já ewé kún àpò.

Báyìí la ṣe ń ṣe é ní gbogbo àsìkò ìrúwé yẹn. Ọ̀nà tí a fi ń sè é ló yàtọ̀. Màmá máa ń bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, á da omi náà nù, á tún fún ewé náà gbẹ kó tó kó o sínú ọbẹ̀. Èmi kì í da omi nù. Bí ìyá mi ṣe ń sè é ni mo ṣe ń sè é, omi tó bá jáde lára ẹ̀fọ́, inú ọbẹ̀ ló ń wà. Mo máa ń fi Màmá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti da adùn rẹ̀ nù.

"Adùn tó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀," ni ìdáhùn rẹ̀. "Máa mu tìẹ."

Ọmọ mi obìnrin, tí wọ́n bí síbí, ò fẹnu kàn án. Bí mo bá ti gbé e kaná, á ṣí gbogbo fèrèsé, á ní, "Mamma, puzza," pé ó ń rùn. Inú máa ń bí mi nígbà náà pé ọmọ mi ò mọ oúnjẹ ilé.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, a wọ reluwé láti ìlú ọjà náà. Mo gbé àpò lé itan, mi ò jẹ́ kó kan ara mi ju bó ṣe yẹ lọ, bí ẹni tó gbé nǹkan alààyè. Ọmọ mi ti ń dúró dè wá ní Porta Nuova, ibùdókọ̀ reluwé Turin, nítorí mo ti pè é. Ó ti wá àwòrán méjì jáde lórí fóònù rẹ̀, ti ẹ̀bọ̀lọ̀ àti ti èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Ó gbé e sí iwájú mi. Ìbátan ni wọ́n, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ó mú àwa méjèèjì lọ sí ọsibítù. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wa, wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú mi. Dókítà tó rí wa jẹ́ ọmọbìnrin tó lè má ju ọmọ mi lọ púpọ̀. Ó gba àpò náà, ó dúpẹ́ pé n kò jù ú nù. Ara Màmá le, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan tó burú nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní ó jọ pé omi tó ń dà nù ti gbé púpọ̀ nínú oró náà lọ. Ti èmi ò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà ní àwọn ọ̀nà kéékèèké tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ẹ̀dọ̀ mi ti ń dí. Ó ní kò sí oògùn tó lè ṣí wọn kíákíá. Bí wọ́n bá ṣí fúnra wọn, ara mi á yá. Bí wọn ò bá ṣí, àfi kí wọ́n wá ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn fún mi. Mo béèrè ìgbà tí a máa mọ̀. Ó ní ká ṣì máa wò ó, pé kí n máa wá fún àyẹ̀wò títí òun á fi sọ pé ó tó.

Wọ́n dá mi dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Màmá ń wá, á jókòó, kò ní sọ ohun púpọ̀, ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù. Lọ́jọ́ kan ó ní:

"Èmi ni mo kọ́kọ́ pè é ní ẹ̀bọ̀lọ̀."

"Màmá, èmi náà mọ ẹ̀bọ̀lọ̀. Ẹ ò fi ipá fún mi jẹ."

"Mo mọ̀ pé òdòdó rẹ̀ ò pọ́n."

"Èmi náà mọ̀."

 Lẹ́yìn náà ó ní bí kò bá jẹ́ pé mo máa ń ṣe agídí, kí ló dé tí n kò da omi nù bí àgbà ṣe ń ṣe é. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ nígbà tó bú mi.

Nígbà tí mo padà sílé, n kò fẹ́ gbọ́ orúkọ òkè mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ohun gbogbo tí mo bá fẹ́ fi sẹ́nu. Mo ń fọ ẹ̀fọ́ tí mo rà lọ́jà títí á fi rọ̀ jọwọrọ, mo tún ń dà á nù. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu jù kì í ṣe ikú nìkan. Ojú mi ni. Ojú yìí náà ló ti mọ ewé láti kékeré, òun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, kò tàn mí jẹ rí nílé wa. Mo gbé e wá síbí láìbéèrè bóyá ó ṣì ń ríran. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa gbogbo nǹkan mìíràn tí mo ti wò níbí tí mo sọ pé mo mọ̀ ọ́n, nítorí ó jọ ti ilé.

Màmá ló fipá mú mi padà. Ó ní òun ò lè máa dá rìn láàárín àwọn tí wọ́n ń lé. Àyẹ̀wò mi ti ń sàn nígbà náà, àmọ́ dókítà ò tíì sọ pé ó parí. Ìparí ìgbà ooru ni. Nígbà tí a jáde kúrò lábẹ́ igi, mo dúró. Ewéko líle tó bo pápá yẹn ti yọ òdòdó, gbogbo ilẹ̀ jẹ́ àwọ̀ elésè àlùkò títí dé ibi tí ojú lè rí i dé, oyin sì ń kùn nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a ti ń kọjá níbẹ̀ ní àsìkò ìrúwé, àwọn ibi tí a lè jẹ nǹkan ni mo ń wò. N kò wo èyí tó kù rí.

Mo ki ọwọ́ mi bọ àpò ẹ̀wù, n kò fọwọ́ kan nǹkan kan. A rìn kọjá ibi tí iná ti jó. Ewéko tó ń há mọ́ni lẹ́sẹ̀ náà ti ń padà hù níbẹ̀, ewé tiwa ti kú, ó ku igi rẹ̀ gbígbẹ. Màmá fi ẹsẹ̀ gbún un. Mo ní kó fi í sílẹ̀, ilé rẹ̀ ni ibẹ̀. A rìn jìnnà lọ́jọ́ yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. N kò lè sọ pé ẹ̀rù ò bà mí, ó bà mí lójú ọ̀nà gbogbo, àmọ́ mo rí i pé èèyàn lè bẹ̀rù kó sì máa wo nǹkan.

Òtútù dé, ó sì lọ. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò tó kẹ́yìn, Màmá àti ọmọ mi jókòó ní ìta, èmi nìkan ni mo wọlé. Dókítà wo inú mi pẹ̀lú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ lórí rẹ̀, mo ń wo ojú rẹ̀ bóyá ó máa yí padà. Ó nu ikùn mi, ó ní kí n dìde.

"Ẹ̀jẹ̀ ń kọjá dáadáa níbi gbogbo. Ẹ má wá mọ́."

Mo béèrè bóyá ó lè padà. Ó ní àfi bí mo bá tún jẹ ẹ́. Mo béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì láìbínú.

Nígbà tí mo jáde, ọmọ mi dìde, ó ní, "Allora?" pé báwo ló ṣe rí.  Mo mi orí pé ó dára. Mo jókòó sáàárín àwọn méjèèjì. Màmá di ọwọ́ mi mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ itan rẹ̀, ó ń wo ògiri iwájú, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún. A wà bẹ́ẹ̀ títí bàbá arúgbó kan fi dé tó ń wá àyè, a sì dìde kó lè jókòó.