Ọ̀yà Tó Ń Gbọ́ Nǹkan

Ọkọ mi bẹ̀rù igbó. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò ní gbà mí gbọ́, nítorí ẹran igbó ló ń fi igi gbẹ́, òun nìkan ló sì ń gbẹ́ irú rẹ̀ ní àdúgbò wa ní Kàbbà, ní ọdún mélòó kan kí òmìnira tó dé. Ẹtu, ọ̀bọ, ọ̀yà, kò sí èyí tí kì í gbẹ́. Ṣùgbọ́n bí tata lásán bá fò lé e léjìká, á sá wọlé.

Èmi ní tèmi, ọmọ ọdẹ ni mí. Ìlú Ìyàrà ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi sì máa ń mú mi lọ sí etí oko láàárọ̀ lọ wo ẹran. Mo mọ bí ẹran ṣe ń dúró nígbà tí kò mọ̀ pé ènìyàn ń wo òun. Ṣùgbọ́n aṣọ híhun ni mo bá lọ sílé ọkọ, mi ò bá ọ̀rọ̀ igi lọ.

Lọ́jọ́ kan mo jókòó nídìí òfì mi, mo ń wo ọ̀yà kan tí ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ parí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nà gbọọrọ, ètè rẹ̀ ká sókè, eyín yọ síta. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ẹ má bínú. Níbo lẹ ti rí ọ̀yà yìí?"

"Lọ́jà. Níbo ni wọ́n tún ti ń rí ọ̀yà?"

Ó kúkú sọ òótọ́. Ọ̀yà yíyan ni ọkọ mi mọ̀. Gbogbo ẹran tó ń gbẹ́ ló ti kú kó tó gbẹ́ wọn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbẹ́, kó mú ọ̀bẹ."

Kí ló dé tó fi sọ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ọdẹ?

Lọ́jọ́ kejì ó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Iyah-Gbẹdẹ, mo sì mú ọ̀bẹ. Igi ń dẹ́rù bà mí, mo bá kọ́kọ́ fi iṣu kọ́ ọwọ́. Ọ̀yà àkọ́kọ́ dà bí ìgbín. Èkejì ti ní etí. Ẹ̀kẹta gbé orí sókè, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan kúrò nílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀yà ṣe ń ṣe tí ewé bá dún lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo ṣe ń yọ̀ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn ọkọ mi lójú ọ̀nà. Mo da gbogbo wọn sínú ìkòkò, mo sè wọ́n, mo gún wọn. Ó jẹ ọ̀yà mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní iyán mi kúná.

Lẹ́yìn náà ni mo wá mú igi. Bó bá ti jáde ni èmi náà á bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti ń bọ̀, mà á ri iṣẹ́ mi mọ́ inú agbọ̀n òwú. Nígbà tí mo fi ewé eèpín ha á títí tó fi ń dán, mo tì í sáàárín àwọn tirẹ̀.

Alàájì kan ní ìlú wa ló máa ń ra àwọn ère náà, tó ń kó wọn lọ tà fún àwọn òyìnbó ní Lọ́kọ́ja. Ó wọlé, ó kí wa, ó ní, "Okun o," a ní, "Okun." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n, ó kan tèmi, ó sì gbé e sójú.

"Èyí ń gbọ́ nǹkan," ó ní. "Ó dà bíi pé ó fẹ́ sá mọ́ mi lọ́wọ́."

Ọkọ mi wo ọ̀yà náà títí. Mo tẹ orí ba nídìí òfì, mo ń fi aṣọ bo ẹnu. Ó wúkọ́. "Èyí gbà mí lásìkò díẹ̀, Alàájì."

Alàájì ní kó gbẹ́ mẹ́rin irú rẹ̀ de òun.

Ọ̀sẹ̀ yẹn dùn mọ́ mi jọjọ. Ọkọ mi gbẹ́ mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú. Mà á gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, mà á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," mà á sì mí kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi fún mi, títí àwọn obìnrin odò fi ń bi mí pé kí ni mo fún un jẹ. Kò béèrè ẹni tó gbẹ́ ọ̀yà náà, èmi náà ò sọ. Níkẹyìn ó wá bá mi nídìí òfì, ó di àtàǹpàkò mi mú, ó rí ojú ọgbẹ́.

"Ṣé òwú ló gé ọ báyìí?"

"Òwú ọdún yìí mú."

Ó jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó ní, "Kọ́ mi."

Ìjà ni mo ti ń retí. Mo sọ fún un pé ojú ló ń kọ́ ọ, kì í ṣe ọwọ́, mo sì mú un lọ bá bàbá mi.

Bàbá mi mú wa jókòó sí etí oko ní ìdájí, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mira. Èèrà gun ọkọ mi lẹ́sẹ̀. Mo ń rí wọn. Kò mira! Ọ̀yà kan yọ láti inú koríko, ó gbé orí sókè, ó sì gbọ́ nǹkan. Ẹnu ọkọ mi là sílẹ̀ bí ti ọmọdé. Ìgbà tí ẹran náà lọ tán ló tó pariwo, gbogbo oko sì gbọ́.

Mẹ́rin tó gbẹ́ lẹ́yìn náà ń mí. Nígbà tí Alàájì dé, ọkọ mi sọ fún un pé, "Ìyàwó mi ló gbẹ́ ti àkọ́kọ́." Alàájì rẹ́rìn-ín, ó ní àwàdà ará Kàbbà yóò pa òun lọ́jọ́ kan, ó kó ọjà rẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí kì í bi mí. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Báwo ni òòrẹ̀ ṣe ń sùn?"

Mi ò mọ̀. Mo ní, "Ó máa ń fi ẹ̀yìn lélẹ̀ ni."

"Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀gún yẹn?"

"Òun ló mọ bó ṣe ń ṣe é."

Ó gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀: ó na gbalaja, ikùn sókè, ọwọ́ lórí àyà. Alàájì ní òòrẹ̀ náà ni òyìnbó kọ́kọ́ rà ní Lọ́kọ́ja.