Dígí Tó Wà Nísàlẹ̀ Páìpù

Ìyá mi kọ́ wa pé bí àrá bá ń sán, kí a bo gbogbo dígí ilé. Mo ti di bàbá àgbà ní Ẹ̀gbẹ́dá níbí, mi ò tíì láyà láti rú òfin yẹn. Àwọn tó ń fi mí rẹ́rìn-ín ṣá, àrá ò tíì sán lẹ́bàá ilé wọn ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tíṣà ni, ló gbé awò ìwòràwọ̀ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi nítorí dẹ́kì orí ilé wa tó ṣí sí ojú ọ̀run. Nǹkan náà dà bíi páìpù ńlá: dígí ràbàtà kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kékeré kan wà nítòsí ẹnu. Ó ti ṣèlérí fọ́tò òṣùpá fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, kí wọ́n lè rí àwọn kòtò ara rẹ̀. Gbogbo ìgbà òjò la fi ń gbójú sókè. Ìkùukùu! Ojoojúmọ́, ìkùukùu! Àwọn ọmọ ti ń pè é ní Àǹtí Òṣùpá-Ń-Bọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kó tó ti ilé ìwé dé, àrá bẹ̀rẹ̀. Mo bo dígí yàrá, mo bo èyí tí mo fi ń fá irùngbọ̀n. Mo jókòó. Àrá tún sán gbàù! Ni mo bá rántí páìpù. Ọwọ́ mi ò tó ìsàlẹ̀. Mo mú táwẹ̀lì, mo fi igi mọ́ọ̀pù tì í wọnú páìpù lọ.

Òjò dá, ojú ọ̀run mọ́ kedere, irú èyí tí a ti ń wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé nírọ̀lẹ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, a gbé páìpù gun dẹ́kì, ó fojú sí i.

"Bùrọ̀dá, kí ló wà nínú ibí?"

"Táwẹ̀lì ni. Àrá ń sán."

"Ẹ ki táwẹ̀lì sínú ẹ̀?"

"Àbí kì í ṣe dígí ni?"

"Ó ní ìdérí, ẹ jàre! Ìdérí ẹ̀ dà?"

Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi ìdérí ọ̀hún jẹ ẹ̀pà.

Ó fa táwẹ̀lì jáde, ṣùgbọ́n dígí kékeré ti yẹ̀. Òṣùpá wá rí bí ẹyin tó fọ́ sínú páànù. Ó ń yí síkúrù, èmi fojú sí ihò tí a ń gbà wòran.

"Ó ti dáa?"

"Ó tún burú sí i."

"Báyìí ńkọ́?"

"Òṣùpá ti sá lọ."

Òótọ́ ni. Béèyàn bá ṣẹ́jú, á ti rìn kúrò lójú ihò. A tún wá a kiri, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń fín wa léèéfín. Ìgbà tí àwọn kòtò yẹn máa hàn kedere, tó na ọwọ́ sí fóònù, ìkùukùu ti apá Ìkòtún dé, ó bo gbogbo ẹ̀.

Àrá kùn lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ti dìde kí n tó mọ̀.

"Ó yá, Bùrọ̀dá," ó ní, kò tilẹ̀ wojú mi, "ẹ wá bò ó báyìí."

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ da ẹ̀pà kúrò nínú ìdérí.