Awọ Alààyè Tí Mo Fi Yìnyín Pa

“Oga driver, who put ice for here?”

Bí Dókítà Efe ṣe ṣí páálí tí mo gbé wá, ohun tó bi mí nìyẹn. Mo na àyà, mo ní, “Na me, Doctor. I pack am well.” Mo ń retí kó kí mi kú iṣẹ́. Ńṣe ló jókòó gbì sórí àga bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́ fún yín. Pírámárì mẹ́ta péré ni mo kà, àmọ́ kò sí awakọ̀ nílé ìwòsàn wa ní Warri yìí tó tó mi. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Kí n tó máa wa mọ́tò, ọdún méjìlá ni mo fi kó ẹja gba ojú omi wọ Ogbe-Ijoh, ọjà etí omi, ẹja mi ò sì rùn rí. Ẹ lọ bi àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ mi. Yìnyín ni mo fi ń ṣe é: mo fọ́ ọ wẹ́wẹ́, mo tẹ́ ẹ sísàlẹ̀, mo dà á sókè, mo fi àpò bò ó. Bí ẹ bá ṣí i, ẹja á máa wò yín lójú bíi pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ohun tó wà nínú páálí ọjọ́ yẹn kì í ṣe ẹja. Awọ ara èèyàn ni, awọ tí wọ́n gbìn nílùú òyìnbó bí ẹni gbin ẹ̀gẹ́. Nọ́ọ̀sì Bùnmi tó ń tọ́jú egbò ló là á yé mi. Bí wọ́n bá dábẹ́ fún ọmọkùnrin ìkókó lọ́hùn-ún, wọn kì í ju awọ tí wọ́n gé nù. Wọ́n á mú àwọn hóró tíntìntín tó para pọ̀ di awọ nínú rẹ̀, wọ́n á máa bọ́ wọn nínú abọ́ títí á fi di awọ tuntun, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó gbòòrò tó àtẹ́lẹwọ́. Ó wà láàyè o! Ohun kan tó dì bí ẹ̀kọ, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ló ń jẹ nínú ike rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sójú egbò tó kọ̀ tí kò jinná, kì í kàn bò ó lásán, á máa jí ẹran ara onítọ̀hún pé kó dìde, kó máa hù. Èmi tí mo ti rí oríṣiríṣi nǹkan lójú òkun, ẹnu yà mí.

Màmá Kíkẹ́ ló ń dúró de awọ náà, ìyá Ìlàjẹ tó ń yan ẹja létí omi. Àtọ̀gbẹ ń bá a jà, egbò ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti lé lọ́dún méjì. Nílé ìwòsàn mìíràn, wọ́n ti ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Dókítà Efe ní ká kọ́kọ́ dán awọ yìí wò, ọmọ màmá tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ epo rọ̀bì sì ní òun á sanwó rẹ̀, kí wọ́n gbé e wá.

Nígbà tí mo ń lọ gbé e ní pápákọ̀ òfurufú, Nọ́ọ̀sì Bùnmi kìlọ̀ fún mi: “Bọ̀dá, ẹ má ṣí i o. Bó ṣe wà ni kẹ́ ẹ gbé e wá.” Àmọ́ oòrùn mú, ọkọ̀ dí ojú ọ̀nà, ẹ̀rọ amútùtù mọ́tò wa sì ti kú. Mo fọwọ́ kan páálí, ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ní ṣebí ẹran ara ni awọ yìí, á bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́! Mo yà sí ọjà Igbudu, mo ra yìnyín, mo fọ́ ọ, mo tò ó yí ike náà ká. Mo tiẹ̀ ń súfèé bọ̀ lọ́nà.

“Cold don kill am,” ni Dókítà wí. Ó ní bí ọmọ tuntun ni nǹkan náà rí, ooru àpọ̀jù á pa á, yìnyín náà á pa á. Òmíràn kò sì ní dé kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, bẹ́ẹ̀ egbò yẹn ti ń rá pálá lọ sí egungun.

Kò sẹ́ni tó rán mi, èmi fúnra mi ni mo lọ bá màmá ní wọ́ọ̀dù.

“Màmá, ẹ dákun, èmi ni mo ba awọ yín jẹ́. Mo fi yìnyín sí i.”

“O ti ta ẹja rí, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Mo mọ̀. Èmi náà ì bá fi sí i.” Ó rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. “Àmọ́ gbọ́ o. Ẹsẹ̀ yìí ni mo fi ń dúró nídìí iná. Tó o bá tún fi yìnyín sí èkejì, orí rẹ ni màá yan.”

Mi ò fi ọ̀sẹ̀ méjì náà ṣeré. Mo rí i pé wọ́n tún ẹ̀rọ amútùtù mọ́tò ṣe. Mo ní kí Nọ́ọ̀sì Bùnmi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka òṣùwọ̀n ooru, ọjọ́ kan péré ni mo fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí èkejì dé, mo gbé e sórí ìjókòó iwájú, mo fi bẹ́líìtì dè é, ojú mi kan lójú ọ̀nà, ìkejì lórí òṣùwọ̀n. Ní Okere, oníkẹ̀kẹ́ kan dábùú ọ̀nà.

“Oga, na your pikin dey inside carton?”

“Na my mama leg dey inside. Comot for road!”

Ó yà kíá.

Nígbà tí Dókítà ṣí i, oúnjẹ rẹ̀ ṣì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, awọ náà wà láàyè. Wọ́n ní kí n wá wò ó. Bí wọ́n ṣe fẹ́ tẹ́ ẹ, màmá gbọ́ ibi tí awọ náà ti wá lẹ́nu Nọ́ọ̀sì Bùnmi.

“Awọ adọ̀dọ́ ọmọkùnrin? Lẹ́sẹ̀ èmi opó? Kí ni màá wí fún wòlíì ìjọ wa?”

Nọ́ọ̀sì túmọ̀ rẹ̀ fún Dókítà, ńṣe ni Dókítà gbé irinṣẹ́ sílẹ̀ kó lè rẹ́rìn-ín tán.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, egbò ń fún mọ́ra. Ó kéré bí ojú bọ́tìnnì, lẹ́yìn náà ó jinná pátápátá. Láti ìgbà yẹn, bí irú awọ bẹ́ẹ̀ bá ń bọ̀, Dókítà kì í rán ẹlòmíràn. Wọ́n mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbé.

Èmi náà ni mo wa màmá lọ sí Ogbe-Ijoh lọ́jọ́ tó ń padà sílé. Mo nawọ́ kí n gbé e wọ inú ọkọ̀ ojú omi.

“Gbọ́wọ́ ẹ kúrò. Ẹsẹ̀ mi ni.”

Ẹsẹ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n gé ló kọ́kọ́ gbé wọlé. Ọkọ̀ mì lẹ́ẹ̀kan. Màmá dúró gbọn-in.