Ọjọ́ Tí Mo Ṣe Ògbufọ̀ fún Aṣòfin Wa

Ìgbà tí ìjọba wà lọ́wọ́ alágbádá lẹ́ẹ̀kejì ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí a ṣì ń pe ìpínlẹ̀ náà ní Bendel. Tíṣà ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Benin, ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. A háyà ilé sí àdúgbò kan tó ya lára Ekenwan Road, níbi tí a ti máa ń gbọ́ fèrè àwọn ṣọ́jà láti bárékè bí ilẹ̀ bá ń mọ́. Àwa Yorùbá kò pọ̀ ládùúgbò náà, ṣùgbọ́n a ní ṣọ́ọ̀ṣì kan tí a ti ń fi èdè wa kọrin. Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ìròyìn ilé, ibẹ̀ náà la ti ń bá àwọn ọmọ wa jà pé kí wọ́n fi Yorùbá dá wa lóhùn.

Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, ọmọ Ẹdó, ló ń ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Ó ti ṣe tíṣà rí kó tó bọ́ sínú òṣèlú, ìwà tíṣà kò sì kúrò lára rẹ̀. Kì í dúró dìgbà ìbò kó tó wá wò wá. Bí ilé ìgbìmọ̀ bá ti lọ ìsinmi, yóò máa ti àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn, yóò ṣàlàyé òfin tí wọ́n ṣe, yóò sọ èyí tí wọn kò rí ṣe àti ibi tí iṣẹ́ ìlú dé dúró. Yóò fi Ẹdó sọ ọ́, yóò tún fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Àwọn ìyá àgbà inú ìjọ wa kò gbọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì tó bó ṣe yẹ. Pidgin tí wọ́n fi ń nájà ni wọ́n ní, òfin kì í sì í ṣe ohun tí Pidgin ọjà lè mú yé èèyàn. Nítorí náà ni Ìyá Ìjọ fi bẹ̀ mí pé kí n máa túmọ̀ fún wọn. Mo ti ṣe é rí, a sì gbádùn rẹ̀. A rẹ́rìn-ín, a pàtẹ́wọ́, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ sọ.

Lọ́sẹ̀ tí aṣòfin náà fẹ́ wá, mo lọ mú ọmọbìnrin mi nílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ń lá súìtì. Mo bi í pé ta ló fún un. Yorùbá ni mo fi bi í, Pidgin ló fi dá mi lóhùn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

“Na one uncle. E say make I greet you. E say make you no talk plenty for that meeting.”

Mo gba súìtì náà lẹ́nu rẹ̀, mo gba bébà pupa rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Mo wo òkè ọ̀nà, mo wo ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Àwọn tó ń kọjá ń lọ síbi iṣẹ́ wọn, kò sẹ́ni tó wojú mi. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí jù, nítorí ẹnikẹ́ni nínú wọn lè jẹ́ ẹni náà. Mo gbé ọmọ náà pọ̀n, bẹ́ẹ̀ ó ti kúrò lẹ́ni tí à ń pọ̀n, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré títí mo fi délé.

Nígbà tí ọkọ mi dé, mo rò fún un bí ẹnì kan ṣe rán ọmọ wa sí mi pé kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípàdé. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kó tó ní n kò gbọdọ̀ lọ. Ó ní àjèjì ni wá nílùú yìí, àti pé bí onílé bá ń jà, àlejò a máa wábi jókòó sí ni. N kò bá a jiyàn. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé n kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ tí ẹnì kan kò fẹ́ kí n sọ. Èmi kì í mọ ọ̀rọ̀ tí aṣòfin yóò sọ títí yóò fi la ẹnu rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba ọjà Santana lọ, níbi tí Ìyá Ìjọ ti ń ta gàrí àti ẹ̀wà, kí n lè sọ fún un pé kó wá ẹlòmíràn. Obìnrin opó ni, ọmọ Ileṣa. Ó ti pẹ́ ní Benin kí wọ́n tó bí àwọn kan nínú wa, ó sì ti kọ́ ilé ara rẹ̀ síbẹ̀, ilé kékeré kan tó ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, mo sì ní kó má bínú, n kò ní lè wá.

Kò bínú. Ó fi ọwọ́ gbọ́n gàrí kúrò lára ìró rẹ̀, ó ní, “Ẹnì kan wá bá èmi náà. Ó ní kí n jókòó sílé mi.”

Mo ní, “Ẹ̀rù ò wá bà yín ni, Mà?”

“Ó bà mí. N kò rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn ò fẹ́ kí n gbọ́ yìí, ó dájú pé ó kàn mí. Ta ló máa sọ ọ́ fún mi bí ìwọ ò bá wá?”

Bí mo ṣe ń padà lọ sílé ni mo mọ̀ pé mo máa lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìpàdé náà, mo gbé ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan ní Airport Road. Ọkọ mi tẹ̀ lé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúró síta pẹ̀lú àwọn ọkùnrin ìjọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fọwọ́ sí i. Inú ṣọ́ọ̀ṣì kún. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣòfin níwájú, mo sì rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tí n kò mọ̀ rí, tí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọ̀kan nínú wọn tú súìtì, ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó ká bébà rẹ̀ pélébé sórí àtàǹpàkò rẹ̀. Bébà pupa ni, irú èyí tí mo gbà lọ́wọ́ ọmọ mi. Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tó mọ̀ mí.

Mo di àga mú.

Aṣòfin fi ọ̀rọ̀ dídùn bẹ̀rẹ̀. Ó ní wọ́n ti fọwọ́ sí ilé ìwòsàn aláboyún fún àdúgbò wa. Ó ní ẹ̀kọ́ àgbàlagbà yóò bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́ nínú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lè wá. Mo túmọ̀ rẹ̀, àwọn ìyá pàtẹ́wọ́. Àwọn tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn kò mira.

Lẹ́yìn náà ni ó dé orí ọ̀gbun.

Ọ̀gbun kan wà lẹ́yìn àdúgbò wa tí àgbàrá gbẹ́. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, ọmọdé lè fò ó kọjá. Nígbà tó yá, bí o bá dúró létí rẹ̀ tí o wolẹ̀, orí ọ̀pẹ lo máa rí. Síbẹ̀ ọkùnrin olówó kan ń gé ilẹ̀ etí rẹ̀ tà, àjèjì ló sì ń tà á fún jù, àwa tí a kò mọ ibi tí omi ìlú náà ń gbà, tí a kò sì gbọ́ ohun tí àwọn onílùú ń sọ láàárín ara wọn. Aṣòfin ní ilé ìgbìmọ̀ ti ṣe òfin báyìí: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ etí ọ̀gbun mọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀, ẹni tó bá ti ń gbé níbẹ̀ kó jáde kí òjò tó dé, nítorí àwọn tó wá yẹ ilẹ̀ náà wò ní inú rẹ̀ ti ṣófo.

Ẹdó ló kọ́kọ́ fi sọ ọ́, ariwo sọ láàárín àwọn tó gbọ́. Ó tún fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Ó wá yíjú sí mi.

Gbogbo ìyá tó jókòó níwájú ń wo ẹnu mi. Mo gbójú sókè, mo rí ọkùnrin onísúìtì, ó sì yé mi pé olówó tó ń ta ilẹ̀ náà ló rán an. Ó ń mi orí rẹ̀ sí mi díẹ̀díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń ṣe sí ọmọ tó fẹ́ fọwọ́ kan ohun tí kò gbọdọ̀ kàn. Mo ronú nípa ọmọ mi ní Airport Road, mo sì ń bi ara mi bóyá ẹnì kan tẹ̀ lé wa nígbà tí mo gbé e lọ.

Mo sọ ọ́. Ohùn mi tín-ín-rín débi pé Ìyá Ìjọ ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Ìyá Ìjọ dìde. Ó ní, “Ilé tèmi létí ibẹ̀ ńkọ́?”

Mo bi aṣòfin léèrè. Ó ní màmá náà wà nínú àwọn tó gbọdọ̀ kúrò.

Mo ní, “Wọ́n ní ẹ wà lára wọn, Màmá.”

Kí ó tó jókòó ni òkúta àkọ́kọ́ balẹ̀ lórí páànù. Ó dún bí ìgbà tí ìbọn bá dún. Òmíràn fọ́ gíláàsì fèrèsé, àwọn èèyàn sì ń sá lura wọn, ìjókòó ń wó. Òkúta kan ba aṣòfin ní iwájú orí, mo rí ẹ̀jẹ̀ lára agbádá rẹ̀. N kò mọ ẹni tó fà mí lápá. Nígbà tí mo máa mọ ibi tí mo wà, a ti wà nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ, níbi tí àwọn akọrin ti ń wọṣọ, èmi, aṣòfin àti Ìyá Ìjọ. Ìyá Ìjọ ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

Mo rò pé ọkùnrin tí àwọn èèyàn ń pè ní Ọ̀nárébù máa mọ ohun tí a ó ṣe. Ó jókòó sílẹ̀, ó di aṣọ akọrin kan mọ́ orí rẹ̀, eyín rẹ̀ sì ń lù mọ́ra. Ó sọ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì pé ìyàwó òun bẹ òun kí òun má wá. Ó ní kí n dárí ji òun pé òun fà mí sí i.

A gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń yí ilé ká. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ òórùn pẹtiróòlù. Mo kọ́kọ́ rò pé ìbẹ̀rù ló ń tàn mí, ṣùgbọ́n Ìyá Ìjọ náà fi ìró rẹ̀ bo imú. Ohùn kan wá lábẹ́ fèrèsé, ohùn pẹ̀lẹ́.

“Tíṣà, come out. We sabi where your pikin dey.”

Bí mo ṣe gbọ́ pé wọ́n mọ ibi tí ọmọ mi wà, mo fẹ́ jáde. Mo ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ìyá Ìjọ kò kúrò níbẹ̀. Ó fi apá méjèèjì rẹ̀ gbá mi mọ́ àyà títí n kò fi lè mí dáadáa, mo sì ń gbọ́ bí àyà tirẹ̀ náà ṣe ń já.

Bàbá onílé wa ló gbà wá. Àgbàlagbà ọmọ Ẹdó ni, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ọkọ mi ti sáré lọ pè é nígbà tí kò rí ọ̀nà wọlé sọ́dọ̀ mi. A gbọ́ ohùn rẹ̀ níta, ó ń fi Ẹdó sọ̀rọ̀ láìpariwo. Aṣòfin gbé etí sókè, ó sì ń túmọ̀ fún wa wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ní bàbá náà ń pe orúkọ bàbá olúkúlùkù wọn. Ó ń sọ fún ọ̀kan pé òun ló gbé òkú bàbá rẹ̀ wálé. Ó ń bi òmíràn pé ṣé ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ó fẹ́ dáná sun àwọn èèyàn nínú ilé Ọlọ́run. A gbọ́ tí ẹsẹ̀ wọn ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, a kò gbọ́ ẹsẹ̀ mọ́. Àwọn ará àdúgbò ti jáde wá dúró tì í, ọlọ́pàá sì dé lẹ́yìn tí kò sí ohun tí ọlọ́pàá máa ṣe mọ́.

A bá ọmọ mi ní Airport Road, ó ń jẹ ìrẹsì. Kò sẹ́ni tó wá síbẹ̀. Síbẹ̀, ọkọ mi gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ileṣa kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọmọ náà sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Kò sí ẹni tí wọ́n mú. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń bọ̀, mo sì ń wẹ̀yìn wò títí ó fi di àṣà mi.

Ìyá Ìjọ kó jáde kí òjò tó dé. Ó sunkún bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú. Àwọn míràn tó gbọ́ kó jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ránṣọ kọ̀, ó ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀gbun náà gba ìdajì àdúgbò ẹ̀yìn lọ nínú òjò tó rọ̀ láti ọ̀sán di alẹ́, a kò sì rí ọkùnrin náà gbé jáde láàyè. Mo lọ wo ibẹ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ là. Ilé Ìyá Ìjọ ti lọ, ó ku ògiri ilé ìdáná.

Kò pẹ́ sí i ni àwọn ológun gbàjọba, wọ́n ti ilé ìgbìmọ̀ pa. Ilẹ̀ tí ìjọba ní àwọn yóò fún àwọn tó kó jáde, kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu bà á.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo pàdé aṣòfin náà ní Santana, ó ń ná iṣu. Ó ti padà sídìí iṣẹ́ tíṣà. Àpá wà níwájú orí rẹ̀. Ó béèrè Ìyá Ìjọ, mo sì mú un lọ sí yàrá kan tí màmá náà háyà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kó tó jókòó, ó ní kí n túmọ̀ fún òun. Ó ní òun ti tọ ọ́fíìsì kan dé òmíràn nítorí ilẹ̀ náà, wọn kò dá òun lóhùn, òun kò sì ní agbára kankan mọ́. Ó ní ó yẹ kí òun wá sọ ọ́ fún un fúnra òun.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Ìjọ gbọ́ ọ tán, ó ní, “Sọ fún un pé mo dúpẹ́ pé ó wá. Bi í bóyá ó ti jẹun.”

Kò tíì jẹun. Màmá náà gbé oúnjẹ fún un, a sì jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán.