Ọkọ̀ Eré-Ìje tí Láyí fi Agolo Ṣe

Ní ṣọ́ọ̀bù Láyí, ní ojú ọ̀nà tó jáde láti Ìkọ̀lé lọ sí Ọ̀yẹ́, ọdún 1983 kò tíì parí. Gbogbo wa ti wọ 1999, ìjọba ológun pàápàá ti kó ẹrù rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà ara ògiri rẹ̀ ṣì wà ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣí i. Àwòrán ọkọ̀ eré-ìje àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ló wà níbẹ̀: imú rẹ̀ gùn gbọọrọ, kò ní òrùlé, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níta, awakọ̀ sì yọ orí síta bí ẹni tó ń wẹ̀ nínú àgbá.

Panẹbítà ni Láyí. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá forí sọ igi, òun ló ń lu irin rẹ̀ padà sípò. Iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ nìyẹn. Èyí tó fẹ́ràn ni èyí tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́: ó ń fi agolo mílíìkì àti agolo sàdín-ìn kọ́ ọkọ̀ inú kàlẹ́ńdà náà ní kékeré, gígùn rẹ̀ kò ju apá ọmọdé lọ. Irin agboòrùn ló fi ṣe sípóòkù, àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì ló gé ṣe táyà, ahọ́n bàtà baba rẹ̀ ló fi bo àga awakọ̀. Bí o bá yí sítíárín, táyà iwájú á yà.

Àwòrán kì í sọ bí ọkọ̀ ṣe tóbi tó. Láyí wá rò ó pé orí ènìyàn ò lè fi bẹ́ẹ̀ ju orí ènìyàn lọ. Ó wọn orí awakọ̀ inú àwòrán, ó wá ké sí Múyìwá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ó fi téèpù wọ̀n ọ́n láti àgbọ̀n dé àtàrí.

"Ṣé fìlà lo fẹ́ rán fún mi?" Múyìwá bi í.

"Rárá o. Orí tó pọ̀ báyìí, mo fẹ́ mọ ọkọ̀ tó lè gbé e ni."

Láti ara orí Múyìwá ló ti ṣírò gbogbo rẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, a mọ ẹni tó fà á.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Láyí to gíláàsì fèrèsé pọ̀ bí àpótí. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ló fẹ́ gbé ọkọ̀ náà sí, kí ẹni tó bá ń kọjá lè mọ̀ pé ọwọ́ tó ń lu bọ́ńpà mọ nǹkan mìíràn ṣe. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ nìyẹn.

Múyìwá ló kọ́kọ́ wá. Ìkórè ìjọ wọn ti dé.

"Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀," ó ní. "A fẹ́ to uṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ìlú sórí tábìlì, kí wọ́n ṣáà fojú rí i. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, n ó gbé e padà."

"Ṣé wọn ò ní fọwọ́ kàn án?"

"Ta ni yóò fọwọ́ kàn án? Èmi fúnra mi ni n ó dúró tì í."

Láyí kì í ṣe ọmọ ìjọ, ilé Ògún ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n ta ni kì í lọ síbi ìkórè ọ̀rẹ́ rẹ̀? Òun àti Àrìnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, jókòó lẹ́yìn. Ó wo tábìlì, ó rí iṣu, ó rí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó rí adìẹ kan tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Kò rí ọkọ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ń ṣọ́ ọ níbìkan.

Wọ́n pe ìdílé Múyìwá. Múyìwá jó jáde, ọkọ̀ wà lórí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó kúnlẹ̀, ó gbé e síwájú pẹpẹ.

"Uṣẹ́ ọwọ́ mi rèé," ó wí fún bíṣọ́ọ̀bù. "Ọpẹ́ èmi àti ulé mi ni."

Bíṣọ́ọ̀bù gbé e, ó yí sítíárín, táyà yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ojú ẹni ńlá náà wá dà bí ojú ọmọ ọdún méje. Ìjọ pàtẹ́wọ́.

Láyí ti dìde dé ìdajì.

"Bàbá Tóbi, ṣé ẹ ó lọ gbà á ni?" Àrìnkẹ́ bi í jẹ́jẹ́.

"Ó ti kan iwájú pẹpẹ."

Nílé tiwọn, ohun tí a bá ti gbé síwájú Ògún, ẹni tó ni ín kì í nawọ́ sí i mọ́. Baba rẹ̀ kò sì sọ pé ti pẹpẹ ẹlòmíràn yàtọ̀. Nínú gbogbo ìjọ yẹn, ẹnìkan péré ló mọ èyí, nítorí àgbàlá ilé Ògún yẹn ni òun àti Láyí ti jọ ṣeré dàgbà. Láyí jókòó padà.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Múyìwá.

"O ní wàá gbé e padà."

"Ọ̀rẹ́ mi, ká ní mo sọ pé láti ulé Ògún ló ti wá, ta ni ì bá gbà á? Mo ṣe ọ́ lóore ni. Àti pé, ká sọ tòótọ́, orí ta lo fi wọ̀n ọ́n?"

Láyí wo orí náà títí. "Orí rẹ ni," ó ní, ó sì lọ.

Ìjọ fi Múyìwá joyè. Nígbà tí wọ́n ní kó ṣe òmíràn, ó ní ojú ń dun òun. Kí ọ̀rọ̀ náà lè rí bí òtítọ́, ó ra awò ojú, ó sì ń lò ó títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lóòótọ́.

Bíṣọ́ọ̀bù gbé ọkọ̀ náà lọ sílé rẹ̀. Ọjọ́ kan ló já bọ́ lórí tábìlì rẹ̀. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣe é. Ẹni tó ṣe é gbé e sínú páálí, ó gbé e wá bá Láyí.

"Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré. Táyà kan ló yẹ̀."

Láyí wo inú páálí. Iṣẹ́ tí kò gbà ju kó fi ẹ̀mú rọra fa irin agboòrùn kan ni. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ kó tó fà á padà.

"Ohun pẹpẹ ni. Èmi ò lè fọwọ́ kàn án."

"Kí ni kí n wá sọ fún bíṣọ́ọ̀bù?"

"Sọ fún wọn pé o ń tún un ṣe. Ìwọ lo ṣe é, ìwọ lo mọ ibi tó ń dùn ún."

Kò pẹ́, Láyí gbọ́ òòlù láti ṣọ́ọ̀bù kejì. Ìró àkọ́kọ́ kan irin. Ìkejì kan agolo, agolo sì tẹ̀ wọnú. Ó dìde dé ẹnu ọ̀nà. Ògiri pákó ló wà láàárín wọn, bó bá ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òòlù yẹn á dúró. Kò ké. Ó dúró síbẹ̀ títí òòlù fi dákẹ́, ó sì padà sídìí bọ́ńpà tó ń lù.

Múyìwá sọ fún ìjọ pé wọ́n jí ọkọ̀ náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n gbàdúrà kí Ọlọ́run mú ọwọ́ tó jí ohun pẹpẹ. Àmín Múyìwá ló rinlẹ̀ jù.

Àrìnkẹ́ ló mú ìròyìn náà délé. Láyí béèrè bóyá wọ́n dárúkọ olè náà.

"Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni," ó ní. "Wọ́n kàn ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó mọ iyì irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń wo ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa."