Bí Mo Ṣe Ṣíwájú Ẹṣin Àgbà ní Dagenham

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ lọ́jọ́ Sátidé tí mo kúrò nílé. Ọ̀gá wa ní ilé ìkẹ́rùsí ní River Road, ní Barking, fẹ́ fi mí ṣe olórí àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà, mo sì gbọ́dọ̀ fèsì lọ́jọ́ náà. Dádì Fúnmi wà lára àwọn mẹ́fà náà. Ẹgbẹ́ bàbá mi ni wọ́n. N kò mọ bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ṣe ń rán irú wọn níṣẹ́. Ọ̀gá ní kí èmi àti Dádì Fúnmi lọ sí ilé ẹṣin kan ní Dagenham, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹṣin kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń ṣe olórí.

Bọ́ọ̀sì méjì la wọ̀. Mo san pọ́n-ùn kan àti pẹ́ńsì márùndínlọ́gọ́rin. Èkejì kò gba nǹkan kan, nítorí wákàtí kan kò tíì pé tí mo san ti àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó ní òun kò ní ṣéńjì, bíi ti àwọn kọ̀ndọ́ nílé. Dádì Fúnmi kò san rárá: ẹni tó ti pé ọgọ́ta ọdún ní káàdì ọ̀fẹ́.

"Wò ó," wọ́n ní, "àgbà dùn."

Linda, òyìnbó tó ni ilé ẹṣin, mú ẹṣin pupa kan jáde. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ẹṣin náà. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ. Linda ní kí n má gùn ún, kí n kàn fi okùn mú un dé ìdí ọgbà. Mo dúró sẹ́yìn èjìká rẹ̀, kó lè ṣíwájú. Kò lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká lọ," mo wí.

Dádì Fúnmi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí o! Sà? Ó kù kí o gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀!"

Mo ṣàlàyé fún Linda pé nílé wa, ọmọdé kì í ṣíwájú àgbà.

Linda ní, "Ẹṣin yìí kò retí ìyẹn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá o mọ ibi tí ò ń lọ ni. Má wò ó. Wo ọgbà, kí o máa rìn."

Mo rìn. Ó tẹ̀lé mi. Mo béèrè bóyá oúnjẹ rẹ̀ ló wà lápá ibẹ̀. Linda ní rárá.

Ó kan Dádì Fúnmi. Wọ́n fa okùn, wọ́n pariwo, wọ́n kọjú sí ẹṣin, wọ́n ń bá a wí. Ẹṣin kò mira. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lanu.

"Dádì, ẹ má wo ojú rẹ̀. Ẹ dẹ okùn, kí ẹ wo ọgbà."

Wọ́n wò mí. Wọ́n dẹ okùn. Ẹṣin tẹ̀lé wọn.

"Ìwọ ọmọ yìí," wọ́n ní nígbà tí wọ́n padà dé, "o rí i pé mò ń pa ara mi, o ò tètè sọ?"

"Mò ń bọ̀wọ̀ fún yín ni, sà."

"Ọ̀wọ̀ wo nìyẹn?"

Mo délé ní aago kan ọ̀sán. Ẹṣin kan péré ni mo dán wò, nítorí náà n kò lè sọ púpọ̀ nípa ẹṣin. Ṣùgbọ́n mo kọ̀wé sí ọ̀gá pé mo gbà. Mo fi kún un pé n ó máa kúnlẹ̀ kí Dádì Fúnmi láràárọ̀ kí n tó pín iṣẹ́ fún wọn. Mo ti ka ìwé òfin ilé iṣẹ́ wa tán. Kò síbi tó ti ní kí olórí má kúnlẹ̀.