Pọ́ǹpù Epo Ìjàpá Nọ́ọ̀sì Wúràọlá

Ní gbogbo àdúgbò Arakale ní Àkúrẹ́, kò sí àgbà tí kò mọ ìjàpá Nọ́ọ̀sì Wúràọlá. Fọ́ksíwágìn aláwọ̀ ewé ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí bìrìkìtì. Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ni obìnrin náà rà á, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin agbẹ̀bí lábẹ́ ìjọba. Mọ́tò yẹn ló ń gbé e lọ sí Ìjù àti Ilu-Abo nígbà tí aláboyún bá ń rọbí lóko tí kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé e wá sí ìlú. Ọkùnrin kan wà ní Ìjù tó jẹ́ pé orí àga ẹ̀yìn mọ́tò náà ni ìyá rẹ̀ bí i sí. Òun náà ti di bàbá ọmọ. Nígbà tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò, tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó tún di tuntun, Wúràọlá ti ń múra àtifẹ̀yìntì. Ó fẹ̀yìn tì lóòótọ́, àmọ́ ìjàpá náà kò fẹ̀yìn tì.

Ọmọ Oǹdó ni Wúràọlá. Iṣẹ́ ló gbé e dé Àkúrẹ́, ọkọ tó fẹ́ níbẹ̀ ló dá a dúró. Ọkọ náà ti kú, Jíbọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, sì wà ní Jámánì. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún un nílé bàbá rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Agnes, tó ń gbé inú ilé àwọn òbí wọn ní Oǹdó. Agnes ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Òun ló ń di irun fún un, òun ló ń nà án tó bá ṣe àìgbọràn, òun náà ló fi ilé ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ kí àbúrò rẹ̀ lè kàwé.

Lẹ́yìn tí Agnes lé ní ọgọ́rin ọdún ni ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ó kọ́kọ́ gbàgbé orúkọ àwọn aládùúgbò. Ó gbàgbé ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá, kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Wúràọlá bẹ Sherifat, opó kan tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, pé kó máa bá òun tọ́jú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á sì máa wakọ̀ wá láti Àkúrẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Nǹkan kan ló kù tí Agnes mọ̀. Tí ìjàpá yẹn bá ti yà wọ àdúgbò wọn, tó ń dún pàkàpàkàpàkà bọ̀, á gbé orí sókè níbi tó jókòó sí. Á ní, "Wúrà dé." Tí Wúràọlá bá sì wọlé, ó di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nìyẹn. "Kí ló dé tó o pẹ́ báyìí? Wo bó o ṣe rù. Ṣé o ti jẹun?" Mọ́tò mìíràn lè máa kọjá láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, Agnes kò ní yíjú síta.

Ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún kan ni òórùn epo bẹntirò gba inú ọgbà Wúràọlá kan. Ó ránṣẹ́ pe Ọlọ́runníyì, mẹkáníìkì tó ti ń bá a tún ìjàpá náà ṣe láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ọlọ́runníyì ṣí ìdí mọ́tò, torí ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Ó tú pọ́ǹpù epo wálẹ̀, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún.

"Rọ́bà inú rẹ̀ ti ya, Mọ́mì. Ara irin rẹ̀ náà ti sán. Kò ṣeé tún ṣe."

"Ra òmíràn fi sí i nígbà yẹn."

"Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Irú rẹ̀ ti wọ́n bí ojú."

Ó fi ọ̀pá irin kékeré kan tó ń ti inú ẹ́ńjìnnì yọ jáde hàn án. Ọ̀pá yẹn ló máa ń ti pọ́ǹpù sókè sódò, tí pọ́ǹpù á fi fa epo láti inú táńkì lọ sínú kabúrétọ̀. Ìjàpá àtijọ́ bíi ti Wúràọlá, ọ̀pá tirẹ̀ gùn. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pá tiwọn kúrú, bẹ́ẹ̀ ojú kan náà ni àwọn pọ́ǹpù méjèèjì jọ ní. Tí ènìyàn bá gbé pọ́ǹpù ti ọ̀pá kúkurú lé ọ̀pá gígùn, á máa ti epo ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, takisí ni Wúràọlá wọ̀ lọ sí Oǹdó. Agnes ń bẹ lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wúràọlá kúnlẹ̀ kí i, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú láti mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí.

"Ẹ káàárọ̀, nọ́ọ̀sì," ni Agnes sọ. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá wò mí."

Wúràọlá kò rántí ìgbà kankan láyé rẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, "Síístà, èmi ni. Wúrà ni." Agnes rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò, ó sì ń wo ẹnu ọ̀nà.

Bó ṣe padà dé Àkúrẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá pọ́ǹpù. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìbàdí sì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó rìn káàkiri gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà mọ́tò nínú ìlú, ó di pọ́ǹpù tó bà jẹ́ náà sínú ọ̀rá. Òǹtajà kan rẹ́rìn-ín, ó ní kí Mama lọ ra mọ́tò tuntun. Òmíràn mú pọ́ǹpù tó ń lo iná mànàmáná wá, ó ní gbogbo mọ́tò ló ń gbà á. Ẹ̀kẹta kò gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀. "Ìjàpá? A ò ta tìjàpá mọ́ níbí, Mama."

Ó wá rántí Bàbá Akínbọ̀wálé ní Oǹdó. Ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà wà ní àdúgbò Yaba níbẹ̀, ẹ̀yà ìjàpá nìkan ló sì fi gbogbo ayé rẹ̀ tà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọkọ Wúràọlá máa ń lọ nígbà ayé rẹ̀. Ó ní bóyá Ọlọ́run á ṣàánú òun níbẹ̀. Nígbà tó débẹ̀, fírísà ẹja tútù ló bá nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Bọ́sẹ̀, ọmọ bàbá yẹn, ló jókòó tì í.

"Bàbá ti kú láti ọdún tó kọjá, Mà."

"Háà, Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún wọn. Mi ò gbọ́. Àwọn ẹrù wọn ńkọ́?"

"Àwọn onírin ló kó o. Wọ́n gbé ìwọ̀n wá, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì kó o lọ."

Wúràọlá yọ pọ́ǹpù tó wà nínú ọ̀rá. "Ṣé ẹ rí irú èyí níbẹ̀?"

Bọ́sẹ̀ wò ó. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ó pọ̀ níbẹ̀, Mà. Inú páálí ni wọ́n wà, wọn ò tíì tú wọn rí. Èmi ò mọ̀ pé ẹnì kan ṣì ń wá a."

Ó gbé àga fún un, ó bu omi fún un. Wúràọlá mu omi náà, ó dúpẹ́, àmọ́ ó pẹ́ kó tó lè dìde. Bọ́sẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ ṣáá, òun náà ń sọ fún un pé kò ṣẹ̀. Ó sì mọ̀ pé kò ṣẹ̀ lóòótọ́.

Nígbà tí Jíbọ́lá gbọ́ lórí fóònù, ó ní kí ìyá òun fọkàn balẹ̀, òun á wá a ní Jámánì. Ó sì rí i, ti ọ̀pá gígùn gan-an. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń bọ̀ nílé fún Kérésìmesì ni yóò fi rán. Wúràọlá ní òun á dúró de Kérésìmesì.

Kérésìmesì kù díẹ̀ nígbà tí Sherifat pè.

"Mà, wọn ò jẹun mọ́ o. Wọ́n ní àwọn ò jẹ nǹkan kan àfi tí Wúrà bá dé. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí. Omi nìkan ni wọ́n ń mu."

Ọjọ́ yẹn náà ni Wúràọlá wọ ọkọ̀ lọ. Agnes kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó fi ọwọ́ ti ṣíbí kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ẹ má bínú, àbúrò mi ni mò ń dúró dè."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wà lọ́kàn Wúràọlá nígbà tí Ọlọ́runníyì sọ fún un pé òun rí pọ́ǹpù kan. Òǹtajà tó tà á búra pé ti ìjàpá ni. Ti ìjàpá náà ni, ó ń dán nínú páálí. Ṣùgbọ́n bí Ọlọ́runníyì ṣe gbé e lé ọ̀pá, ó mi orí.

"Mọ́mì, ti ọ̀pá kúkurú nìyí."

"Kò sí ohun tí a lè ṣe sí i?"

"Mo lè to gásíkẹ́ẹ̀tì, pépà líle yẹn, sábẹ́ rẹ̀ kí n fi gbé e sókè. Àmọ́ ọkàn mi ò gbà á. Ẹ jẹ́ ká dúró de ti Jíbọ́lá."

"Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹun, Ọlọ́runníyì."

Ọkùnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀ sára àkísà. Ó tún padà sídìí mọ́tò. Ó to gásíkẹ́ẹ̀tì náà, ó dè é mọ́lẹ̀, ó ní kí Wúràọlá ṣíná. Ìjàpá dáhùn. Ohùn rẹ̀ gba gbogbo ọgbà. Wúràọlá kò tíì kúrò lórí àga awakọ̀ tí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ rọra wà á o, Mọ́mì," ni Ọlọ́runníyì sọ. "Tí ẹ bá gbọ́ òórùn epo, ẹ dúró."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ló gbéra, ó gbé kúlà oúnjẹ tó fi ọbẹ̀ ẹja tútù sí síwájú ọkọ̀. Títí tó fi dé Ọ̀wẹnà, mọ́tò ń lọ dáadáa. Lẹ́yìn Ọ̀wẹnà ló gbọ́ òórùn epo. Ó rántí ohun tí Ọlọ́runníyì sọ. Ó ronú pé Oǹdó ò jìnnà mọ́, pé bí òun bá dúró, kò dájú pé ìjàpá yóò tún ṣíná. Ó fa fèrèsé sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, kò dúró.

Inú gíláàsì tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn ló ti rí èéfín. Epo ti kún kabúrétọ̀ ní àkúnwọ́sílẹ̀, ó ti ń kán sórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ó ya ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó mú kúlà àti báàgì rẹ̀, ó sì bọ́ sílẹ̀. Kò rìn jìnnà tí iná fi sọ. Àwọn tó ń sá kòkó lẹ́bàá ọ̀nà sáré wá, wọ́n ń bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, wọ́n ń pariwo pé kí Mama sún sẹ́yìn. Iyẹ̀pẹ̀ ò ran iná yẹn. Ó jó láti ẹ̀yìn lọ síwájú, ó jó àga, ó jó táyà, títí ó fi ku páánù dúdú.

Ọkùnrin kan ní, "Mama, ẹ dúpẹ́ pé ẹ̀mí yín kò bá a lọ."

"Mo dúpẹ́," ni Wúràọlá dá a lóhùn. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sùn lọ. Ó jókòó sórí òkúta, ó gbé kúlà lé itan, ó ń wo ibi tí kò sí nǹkan tí ènìyàn lè wò mọ́.

Awakọ̀ takisí kan tó dúró láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ló gbé e dé Oǹdó. Èéfín ń rùn lára rẹ̀ nígbà tó wọlé. Agnes ti gbẹ, egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ.

"Ẹ káàbọ̀, nọ́ọ̀sì. Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Àkúrẹ́ ni, Mà."

"Mo ní àbúrò kan níbẹ̀. Wúrà lorúkọ rẹ̀. Agbẹ̀bí lòun náà. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Sherifat, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wúràọlá ṣí kúlà oúnjẹ náà.

"Mo mọ̀ ọ́n. Òun ló rán mi sí yín. Ó ní kí n gbé oúnjẹ yìí wá fún yín. Ó ní ẹ gbọ́dọ̀ jẹun."

"Òun ló rán yín?"

"Òun ni, Mà."

"Kí ló dé tí kò wá fúnra rẹ̀?"

"Mọ́tò rẹ̀ ló bà jẹ́."

Agnes ronú sí i. Ó la ẹnu. Wúràọlá bu ọbẹ̀ sí i lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀, títí ẹja fi tán nínú kúlà. Lẹ́yìn náà ló lọ sẹ́yìn ilé, ó di ògiri mú, ó sunkún.

Ọ̀rẹ́ Jíbọ́lá dé nígbà Kérésìmesì lóòótọ́. Ọlọ́runníyì gba pọ́ǹpù náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ lórí tábìlì rẹ̀, ó ní ìkan náà ni wọ́n, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Wúràọlá ní kó mú un fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣì ní ìjàpá. Ọlọ́runníyì kò rí ẹni tó máa fún.

Agnes tún lo oṣù mélòó kan láyé. Wúràọlá ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń jẹ́ iṣẹ́ tí Wúrà rán an, Agnes sì ń jẹun nítorí iṣẹ́ náà. Nígbà míì Agnes á fi ọ̀rọ̀ rán an padà, pé kó sọ fún Wúrà kó má máa pẹ́ lóde, kó máa bo orí tí òjò bá ń rọ̀. Wúràọlá á ní òun á sọ fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni Agnes kú, lójú oorun, Sherifat nìkan ló wà níbẹ̀. Nígbà tí Wúràọlá dé, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti wọṣọ fún un. Ó jókòó tì í, ó ń pè é ní Síístà, ó ń sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un.